Ọjọ́ Tí Mo Fi Ahọ́n Kan Ọ̀bẹ Tuntun

Òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo ṣí páálí kékeré náà. Bí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ṣe máa ń rùn nìyẹn, ní agboolé wa ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń rán agbádá láti ìgbà tí n kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí tòsì. Òróró yẹn ni wọ́n máa ń kán sí ẹ̀rọ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, yóò sì wà lára aṣọ wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, kí ojú mi tó rí ohun tó wà nínú páálí, ọkàn mi ti balẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yà ẹ̀rọ kan ni ẹ̀gbọ́n mi rà fún bàbá. Ọ̀bẹ ni mo bá níbẹ̀, ọ̀bẹ dúdú kan tó ká sínú èèkù ara rẹ̀ bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn òróró yẹn, n kì í mọ̀ bóyá ilé ni mo ń rántí tàbí ẹ̀rù.

Ẹ̀gbọ́n tí mo tẹ̀ lé gan-an ló rà á. Orí fóònù ló ti rí i, wọ́n sì gbé e wá fún un láti Èkó. “Tìrẹ ni,” ó ní, “fún ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ.” Ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà á rántí ọdún yẹn. Ọdún kẹrin tí mo ti ń wá iṣẹ́ kiri ni ìjọba tó gbà mí ní olùkọ́, tí gbogbo yín bá mi yọ̀, kí a tó gbọ́ ibi tí wọ́n pín mi sí: ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé kan lẹ́yìn Ìtagunmodi, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ọ̀kadà kò lè kọjá Ìtagunmodi fúnra rẹ̀ nígbà náà, nítorí afárá tó ti já. Ìrìn ìdajì wákàtí ló kù, oko kòkó lọ́wọ́ ọ̀tún, kòtò àwọn awagóòlù lọ́wọ́ òsì, omi inú kòtò náà sì pọ́n bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀ ni àwọn kan já báàgì gbà lọ́wọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n sì tì í sínú kòtò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, kò sì padà wá mọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ń gbé inú abúlé, nítorí náà èmi nìkan ló kù tí ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí n kò bá lè rìn ín, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá sì ń rìn ín, ìyá mi kì í lè jẹun ọ̀sán títí n ó fi pè.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀bẹ náà ṣe rí lójú mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá ká, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo ju bí mo ṣe rò. Wọ́n fi irin ṣe ìkọ́ kan sí ara rẹ̀ tí wọ́n fi ń há a mọ́ àpò ṣòkòtò. N kì í wọ ṣòkòtò. Ìdí rẹ̀ ní ẹnu kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n fi ń gé bẹ́líìtì mọ́tò bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ó tún ní orí ṣóńṣó kan tí wọ́n fi ń fọ́ gíláàsì. Mo bi í pé gíláàsì ta ni n ó fọ́ nínú oko kòkó. Ó kàn fi àtàǹpàkò ti ohun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkù náà, ojú ọ̀bẹ sì fò jáde, pá! Mo fò sẹ́yìn.

“Ṣé o rí i?” ó ní. “Ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọ, pá!”

“Lẹ́yìn tó bá dún pá, kí ni n ó wá ṣe?”

Ó họ orí. “Wàá mọ̀ nígbà yẹn.”

Mo gbà á, mo dán an wò, ó fò jáde fún èmi náà, inú mi sì dùn bí ẹni tó tan iná mànàmáná fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á padà, ó yíjú sápá kan, mo gbọ́ “tẹ́”, ó ti ká. N kò béèrè bó ṣe ṣe é. Ọgbọ́n orí mi lọ́jọ́ yẹn ni pé bí nǹkan bá dé, ṣíṣí ni mo nílò. Ta ló ń ronú nípa títì? A kò jẹ́ kí bàbá mi mọ̀ sí i. Mo fi ọ̀bẹ sínú báàgì aṣọ tí mo máa ń gbé ìwé sí, mo sì rí i pé láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, n kò yéé ronú nípa àwọn ọkùnrin tí n kò tíì rí rí. Ohun tí wọ́n ní kó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ló ń sọ fún mi ní gbogbo ìgbà pé ewu ń bẹ. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi tó fi owó rẹ̀ rà á, mo kàn ń dúpẹ́ ṣáá.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, nítorí ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni mo ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Àárín ni mo jókòó sí lẹ́yìn. Lọ́wọ́ òsì mi ni màmá kan wà tó wọ aṣọ funfun ìjọ wọn, búrẹ́dì ńlá kan wà lórí itan wọn. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀dọ́kùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń lọ sí Ẹ̀sà-Òkè. Níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ọkùnrin kan ti sùn lọ kí mọ́tò tó jáde ní gáréèjì. A kọjá àwọn ilé tó kẹ́yìn ní Òṣogbo, igbó bẹ̀rẹ̀, mo sì ki ọwọ́ bọ báàgì láti mọ̀ bóyá ọ̀bẹ ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Mo ń fi ìka kàn án léraléra, bí èèyàn ṣe ń fi ìka kan eyín tó ń dùn ún. Mọ́tò wọ kòtò, àtàǹpàkò mi sì tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀.

Pá! Ojú ọ̀bẹ gba ara báàgì jáde, ó sì wọ inú búrẹ́dì màmá ṣinṣin.

Èmi àti màmá jọ ń wo búrẹ́dì náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọgun: “Yéè! Ajínigbé! Ajínigbé ti wà nínú mọ́tò o!” Mo tètè fa ọ̀bẹ padà, ìyẹn gan-an ló sì burú jù, nítorí ó wá di pé ọ̀bẹ ṣíṣí wà lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn, ó sá wọgbó, ó fi sálúbàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Màmá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì wọn. Ẹni tó wà níwájú kò jí.

“Jù ú sílẹ̀!” Awakọ̀ ti mú irin tí wọ́n fi ń tú táyà lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, olùkọ́ ni mí. Ó ṣèèṣì ni.”

“Olùkọ́ wo ló ń mú ọ̀bẹ lọ kọ́ ọmọ? Tì í nígbà náà!”

Ibẹ̀ ni mo ti rántí “tẹ́” tí n kò wò. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, kò ká. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò mira. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Bí mo ṣe ń bá a jà tó láti ká a ni wọ́n ń fà sẹ́yìn tó, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Bí ìwọ bá bá obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà tí òógùn bò, tó ń mi ọ̀bẹ sókè sódò, tó ń kígbe pé òun kò ní ibi lọ́kàn, ṣé o máa dúró? Mo fa káàdì iṣẹ́ mi yọ. Awakọ̀ ní àwọn ajínigbé náà ń ní káàdì. Mo ní kí n jù ú sígbó nígbà náà. Màmá ní rárá o, ẹni tí yóò he é ńkọ́?

Awakọ̀ wá ní kí n dúró de mọ́tò mìíràn níbẹ̀. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn: igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kí wọ́n gbà mí gbọ́, pé mo lè fi Àlùkùránì búra. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, màmá aláṣọ funfun ti mi orí.

“Ọlọ́run aláàánú ni, ọmọ mi,” wọ́n ní. “Ó máa ń forí jini. Fi irin búra.”

Mo wo awakọ̀, mo rò pé òun á bá mi bá màmá wí, nítorí tẹ̀sùbáà wà lọ́rùn díńgí mọ́tò rẹ̀. Ó kàn gbé irin táyà rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ ni. “Mùsùlùmí lèmi náà, àǹtí,” ó ní. “Mo kírun àárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan sítíárì. Ṣùgbọ́n irin la jókòó sínú ẹ̀, irin lo yọ. Irin náà ni kó o fi ẹnu kàn.”

Báyìí ni èmi ọmọ Alhaji aránṣọ, pẹ̀lú hìjáàbù lórí, ṣe dúró lẹ́bàá ọ̀nà Iléṣà, tí Mùsùlùmí kan ń sọ ọ̀rọ̀ fún mi láti tún sọ, tí ìyá ìjọ kan ń ṣe ẹlẹ́rìí, tí mo ń fi Ògún búra. Awakọ̀ ní kí n wí pé bí mo bá fi irin yìí kan ara èèyàn kankan láyé mi, kí Ògún bi mí léèrè. Bí Ògún á ṣe bi mí, kò sọ, àìsọ rẹ̀ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

“Kódà olè?” mo bi í, nítorí mo rántí ọ̀nà Ìtagunmodi.

“Èèyàn ni olè,” ó dáhùn.

Mo sọ ọ́. Mo yọ ahọ́n, mo fi kan ojú ọ̀bẹ náà. Ó tutù, ó sì ń ta bí kọ́bọ̀ onírin tí a máa ń há sẹ́nu nígbà ọmọdé, òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú gbogbo wọn rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ jáde wá nínú igbó, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó kí mi pé kú ìnira. A fi síkáàfù inú báàgì mi di ọ̀bẹ ṣíṣí náà, awakọ̀ sì tì í sábẹ́ àga rẹ̀. Èmi nìkan ni inú mi dàrú. Wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ kí ẹnikẹ́ni má bàa pa mí lára. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, mo ti fi ọ̀bẹ náà gan-an búra pé n kò ní fi ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á.

Nígbà tí a dé gáréèjì Iléṣà, awakọ̀ kó ẹrù mi lé mi lọ́wọ́, ó sì yára lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú síkáàfù tí ọ̀bẹ ń yọ ṣóńṣó nínú rẹ̀. Màmá náà dúró. Wọ́n bi mí pé níbo gan-an ni mò ń lọ tí mo fi nílò irú nǹkan báyìí. Mo dárúkọ abúlé náà. Wọ́n wò mí títí.

“Ọ̀nà oko mi nìyẹn,” wọ́n ní. “Ìtagunmodi ni mò ń gbé. Mú un wá.”

Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò kan ti irin pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí èékánná nínú èèkù rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kejì ká a. Tẹ́. Bí ẹni tó ń pa ìwé dé. Mo la ẹnu sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ṣí báàgì wọn díẹ̀ fún mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì wọn, ọ̀bẹ dúdú kan wà níbẹ̀, irú tèmi gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìkọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin ló rà á fún wọn, nítorí àwọn awagóòlù tó ń fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n ta oko kòkó ọkọ wọn tó ti kú.

Inú bí mi, n kò ní purọ́. “Ẹ̀yin náà ní irú ẹ̀ nínú báàgì, mà, ẹ sì jẹ́ kí n fi Ògún búra?”

“Ẹ̀rù rẹ ló bà mí,” wọ́n ní, wọ́n sì fa èyí tó kù nínú búrẹ́dì náà ya, wọ́n fún mi ní ìdajì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Iléṣà, ọmọ agbẹ̀dẹ ni wọ́n, irin ni gbogbo ìdílé ìyá mi sì ń bọ kí ìyá mi tó fẹ́ Mùsùlùmí. “Káàbọ̀ sí ulé,” wọ́n ní nígbà tí mo wọlé, bí wọ́n ṣe máa ń kí mi. Ìjẹ̀ṣà pọ́nńbélé ni wọ́n ń sọ. Bí etí Òṣogbo mi ṣe gbọ́ ìyókù ni n ó ṣe kọ ọ́. Mo fi ọ̀bẹ náà hàn wọ́n. Wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní kò wúwo, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí bàbá àwọn ń rọ irin, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi ẹni tó wá ni iṣẹ́ tí yóò fi irin náà ṣe. Iṣu ni, ẹran ni, àbí irun? Wọ́n ní kí ni iṣẹ́ èyí. Mo wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bínú. “Ẹnu tó ti kan irin kò ṣeé nù,” wọ́n ní. Ó parí síbẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn.

Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo pe bàbá mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ tọ̀bẹtọ̀bẹ.

“Kí lo fi búra?” wọ́n bi mí.

“Irin, bàámi.”

“Ṣé irin ló dá ọ?”

“Rárá, sà.”

“Tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ẹni tó dá ọ. Ìbúra yẹn kò sí níbì kankan.” Mo ti ń mí èémí ìtura, mo rò pé ọ̀bẹ ti padà di tèmi, nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀. “Ṣùgbọ́n o ṣèlérí fún ọmọ aráyé pé o kò ní ṣe èèyàn léṣe, àbí? Ìlérí yẹn ń bẹ. Òun ni Ọlọ́run á bi ọ́ léèrè.”

Ẹni méjì ló wá fẹ́ bi mí léèrè báyìí. Mo jókòó lórí ọlọ Bàbá Iléṣà, n kò mọ èyí tí n ó fi ṣíwájú. Bí ìbúra bá dè mí, ọwọ́ òfo ni n ó fi rìn ní ọ̀nà náà lọ́jọ́ Ajé. Bí kò bá dè mí, ìlérí dè mí, ọwọ́ òfo náà ni. Mo rò ó pé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo rántí ọdún mẹ́rin tí mo fi wá iṣẹ́, mo sì pa èrò náà tì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ọ̀kadà já mi sí Ìtagunmodi, màmá náà ti dúró síwájú ilé wọn, agbọ̀n lábẹ́ abíyá, báàgì lọ́rùn. “Ìwọ ti búra, èmi ò tíì búra,” wọ́n ní. “Máa rìn níwájú, kí n máa wò ọ́ lẹ́yìn.” Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń sìn mí dé ilé-ìwé kí wọ́n tó padà sí oko wọn. Bí a bá jáde lọ́sàn-án, n ó yà sí oko, a ó jọ máa bọ̀. Wọ́n á máa kọ orin ìjọ wọn lẹ́yìn mi, èmi á máa ka àdúà tèmi sínú níwájú. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Òṣogbo kò lè rìn lórí ẹrẹ̀, àfi bí ìgbà tó ń tẹ ẹyin. Mo ń fi ìbúra dá àwọn náà lóhùn pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà mí bínú, búrẹ́dì wọn kò sí lára ohun tí mo búra lé lórí.

Ọkàn mi balẹ̀ lọ́nà yẹn. Kì í ṣe nítorí ọ̀bẹ tèmi o. Tiwọn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn mi tí Ògún kò ní bi ní nǹkan kan.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù dé. Ọkùnrin méjì jókòó lórí igi tó wó sójú ọ̀nà, níbi tí oko kòkó ti ṣú jù. Bí wọ́n ṣe rí wa, wọ́n dìde. Ọ̀kan ń bọ̀ wá pàdé mi, èkejì gba inú koríko yí lọ sẹ́yìn wa. Ọwọ́ mi ti wọ báàgì kí n tó mọ̀, àtàǹpàkò mi sì ti wà lórí ibi tó yẹ. Ìgbà yẹn ni ẹnu mi kún fún ìtọ́wò irin, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ahọ́n kúrò lára rẹ̀. N kò tẹ̀ ẹ́. N kò mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ ni àbí ojo. Mo bojú wẹ̀yìn. Màmá ti ki ọwọ́ bọ báàgì tiwọn dé ọrùn ọwọ́, wọn kò mira, ojú ọkùnrin tó wà níwájú ni wọ́n ń wò.

“Ẹ kú ọyẹ́ o,” wọ́n ní. “Ọmọ ta ni yín? Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ wọn nínú báàgì. Ó wo tèmi. A gbọ́ bí ewé kòkó gbígbẹ ṣe ń jábọ́. “Ẹ káàárọ̀, mà,” ó sọ níkẹyìn, ó sì kúrò lójú ọ̀nà fún wa. A kọjá. Màmá kò yọ ọwọ́ wọn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. N kò mọ̀ títí di òní bóyá olè ni àwọn méjèèjì tàbí alágbàṣe tó ń sinmi. Ṣùgbọ́n ohun kan dá mi lójú: ọ̀bẹ màmá ló gbà wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní Olúwa ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó pé ọdún méjì, wọ́n gbé mi padà sí Òṣogbo. Mo lọ dágbére fún màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Wọ́n ń bó ọsàn fún mi, a ń rántí ọjọ́ búrẹ́dì, a ń rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí wọ́n mú ọ̀bẹ tiwọn wá kí n fi wé tèmi. Wọ́n mú un wá. Òróró ṣì ń rùn lára rẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Mo ní kí wọ́n ṣí i.

“Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i,” wọ́n ní.

Mo rò pé wọ́n ń ṣe àwàdà. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ọmọ wọn mú un wá, ó ṣí i lójú wọn, pá, àyà wọn sì já. Ó ní kí wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Wọ́n ní rárá, bí wọ́n ṣe ń tì í ni kó kọ́kọ́ kọ́ àwọn. Ó kọ́ wọn. Wọ́n tì í. Wọ́n sì ní kó fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Àárọ̀ ọyẹ́ yẹn ńkọ́, mà? Kí lẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe nínú báàgì?”

“Bíbélì mi ni mo dì mú,” wọ́n ní, “kí àwọn yẹn má bàa rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.”

Obìnrin méjì ni wá lójú ọ̀nà yẹn láàárọ̀ láàárọ̀ fún ọdún méjì. Ọ̀kan mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ọ̀bẹ, kò sì gbọdọ̀ ṣí i. Ọ̀kan lè ṣí i bó bá wù ú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ti fi gbogbo ọkàn sinmi lé ohun tí kò sí. Síbẹ̀ a dé ibi tí à ń lọ. Mo máa ń rò ó lọ, rò ó bọ̀, kò sì tíì yé mi tán: ṣé ìbúra ló dá wa sí, àbí Ọlọ́run, àbí ìbéèrè pé ṣé ẹ ti jẹun, àbí pé a jẹ́ méjì lásán? Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ. Ẹ̀rù ló kọ́ mi ní ìlò ọ̀bẹ, ẹ̀rù sì kọ́ mi ní ìdajì rẹ̀ nìkan. Ìdajì kejì, inú báàgì àjèjì tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gún ló wà. Mo nífẹ̀ẹ́ màmá yẹn ju bí mo ṣe lè kọ sílẹ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni ọ̀bẹ náà wà báyìí. Wọ́n fi ń tú ojú rírán tí kò bá gún. Aṣọ kì í ṣe èèyàn, nítorí náà kò sẹ́ni tí yóò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tún ra òmíràn fún ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì ní kí n wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ti ní ìrírí. Mo lọ. Ìyàwó náà ti nawọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí ibi tí yóò ti fò jáde. Mo rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó tì í, mo sì fi títì bẹ̀rẹ̀.